Ìbọn Wíwọ́ Tó Ní Òǹtẹ̀ Bortolo

Ẹ má bi mí pé ta ló ni ilé iṣẹ́ ìbọn Ghirardini báyìí. Inú ló máa ń bí mi tí wọ́n bá bi mí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìdílé Ghirardini ló ni ín, gbogbo ìlú Gardone ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá kú, ọmọ jogún rẹ̀, ọmọ kú, ọmọ ọmọ jogún rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọdún tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó yá, àwọn ọmọ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jà, wọ́n bá tà á fún àwọn oníbáǹkì kan ní Milano. Àwọn oníbáǹkì tà á fún ẹnì kan tí a kò fojú rí rí, ẹni yẹn náà tún tà á. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti tà á ni wọ́n máa ń kun géètì ní ọ̀dà mìíràn. Orúkọ tó wà lókè géètì nìkan ni kò yí padà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Bortolo Pintossi ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ géètì.

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni Bortolo fi ń mú ọ̀pá ìbọn tọ́ ní Ghirardini. Bó ṣe ń ṣe é nìyí: á gbé ọ̀pá náà sókè sí fèrèsé tí wọ́n ta okùn dúdú kan kọjá lójú rẹ̀, á di ojú kan, á fi ojú kejì wo inú ihò. Òjìji okùn yẹn á sùn gbọọrọ sínú irin tó ń dán. Bí òjìji bá tọ́, ọ̀pá tọ́. Bó bá ṣẹ́ díẹ̀ níbì kan, ibẹ̀ gan-an ni Bortolo á fi òòlù bàbà lù, ẹ̀ẹ̀kan péré, á tún wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé ẹ̀rọ wá kí ó máa bá a ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ padà.

Tó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mú òǹtẹ̀ irin rẹ̀, á lù ú sí abẹ́ ọ̀pá níbi tí igi máa bò: B àti P. Lọ́dún tí wọ́n bí Giulia ọmọ rẹ̀, òǹtẹ̀ yẹn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí òkúta, ẹsẹ̀ P sì kán. Láti ọjọ́ náà, P rẹ̀ dà bí ẹni tó jókòó.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá lu òǹtẹ̀ sí ìbọn ló ń jẹ́ ìpè ìbọn náà títí ọjọ́ ikú. Ì báà wọ́ lẹ́yìn ogún ọdún, wàá gbé e lọ sílé rẹ̀, á mú un tọ́ fún ọ, kò sì ní gbà ju ife wáìnì kan lọ. Bí ènìyàn bá fẹ̀yìntì, kì í gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ sílé. Orí ìṣó lára ògiri ilé iṣẹ́ ló ń fi í kọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó ti kú. A kì í tì í mọ́ inú àpótí. Ta ni á lọ lu òǹtẹ̀ olóǹtẹ̀? Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi eyín ẹlòmíràn jẹun. Lọ́jọ́ tí Bortolo fẹ̀yìntì, ó fi tirẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Faustino bàbá rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì lọ sílé lọ gbin tòmátì. Ọdún kẹfà rèé.

Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n ṣí ìgbẹ́ fún àwọn ọdẹ, Ermanno tó ń sin màlúù lókè Bovegno gbé ìbọn kan wọ ilé ìdáná Bortolo. Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni, irú èyí tó ń ká sí méjì, tí àwọn ará òkè fi ń pa ẹyẹ. Santina, ìyàwó Bortolo, ń ro polenta, ọkà àgbàdo wa, lọ́wọ́.

"Ọ̀gá Bortolo," ni Ermanno wí, "ẹjọ́ yín ni mo gbé wá bá yín."

"Mo ṣe kí ni?"

"Ẹ wo ìbọn yìí. Tuntun ni, Ghirardini ni. Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo yìn ín sí agolo kan lẹ́yìn ilé. Agolo náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn màlúù mi gan-an ti rí i pé kò séwu, wọn ò sá mọ́."

"Ó lè jẹ́ ojú rẹ ni kò ríran," ni Santina wí.

"Ìyáàfin Santina, láti ẹnu ọ̀nà ni ojú mi ti rí i pé polenta yín ń jóná."

Santina yára yíjú sí ìkòkò. Bortolo rẹ́rìn-ín, ó tú ọ̀pá ìbọn kúrò lára igi rẹ̀, ó já òwú dúdú nínú agbọ̀n ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó ta á sí ojú fèrèsé. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó di ojú kan. Àfi bí ọ̀nà Bovegno ni òjìji yẹn ṣe rí, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì.

"Ẹranko wo ló ṣe èyí?" ni ó bi í. Ó dojú ọ̀pá dé kí ó lè mọ òǹtẹ̀ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó sì bú olúwarẹ̀ dáadáa.

B ló wà níbẹ̀. P wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó.

Bortolo nu ibẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ó tún nu ún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ náà ni lẹ́tà kéékèèké tí ilé ìdánwò ìbọn máa ń lù láti fi sọ ọdún tí wọ́n dán ìbọn wò. Ó ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èṣí ni.

"Ẹ rí ẹranko náà?" ni Ermanno bi í.

"Fi ìbọn sílẹ̀ níbí," ni Bortolo wí. "Padà wá lọ́jọ́ Sátidé."

Ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òǹtẹ̀ tirẹ̀ ni, kò sí iyè méjì níbẹ̀, nítorí kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè ṣe ayédèrú ibi tí irin fúnra rẹ̀ ti kán. Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ tirẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ tirẹ̀ ló lù ú. Bó bá sì jẹ́ èṣí, a jẹ́ pé ó lọ sí Ghirardini lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, ó mú ọ̀pá wíwọ́, ó ní ó tọ́, ó lu orúkọ rẹ̀ sí i, ó sì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Pé ẹlòmíràn lè gbé òǹtẹ̀ yẹn kúrò lórí ìṣó kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà. Èmi náà kì bá tí rò ó.

Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà burú ni ti Faustino. Nígbà tí bàbá yìí darúgbó, ó ṣarán. Ó ti fẹ̀yìntì tipẹ́, síbẹ̀ á jí láràárọ̀, á wọ sálúbàtà, á gba Ghirardini lọ. Àwọn ará ibẹ̀ láàánú, wọ́n máa ń gbé ọ̀pá tó ti bàjẹ́ fún un kí ó máa lù ú títí di ọ̀sán, tí Bortolo á fi wá mú un lọ sílé. Nígbẹ̀yìn, kò mọ ìyá Bortolo mọ́. Á máa wò ó lórí tábìlì oúnjẹ, á ní, "Ìyáàfin, ẹ ṣeun o, ọkọ yín ńkọ́?" Bortolo wà níbẹ̀, ó rí bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe ń rí. Nísinsìnyí, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á: kí òun má lọ jí lọ́jọ́ kan kí òun máa bi Santina pé ta ni í ṣe.

Ó jókòó, ó ń ka oṣù èṣí lórí ìka. Oṣù kìíní, òtútù mú un, ó sùn. Oṣù kejì, wọ́n lọ kí Giulia ní Brescia. Oṣù kẹta, kò rí nǹkan kan mú jáde. Ó wá a wá a, òfìfo ni.

"Santina," ni ó wí nígbà tí wọ́n ń jẹun, "ṣé mo máa ń jáde láìsọ fún ọ?"

"O máa ń lọ ra búrẹ́dì."

"Ṣé mo máa ń pẹ́?"

"O máa ń pẹ́, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà lo máa ń bá sọ̀rọ̀."

"Ṣé mo máa ń mú búrẹ́dì bọ̀?"

Santina gbé ṣíbí sílẹ̀. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Dá mi lóhùn."

"Ìgbà méjì lo gbàgbé," ni Santina wí, ó rọra sọ ọ́. "Bortolo, kí ló dé?"

Ìgbà méjì yẹn ló pa á tán. Kò sọ nǹkan kan fún un. Ó lọ dúró láàárín tòmátì rẹ̀, ó ń ka orúkọ gbogbo àwọn ọ̀gá tó ti bá ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dé orí ẹnì kẹfà, ó bọ́ sọnù. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ibi tó bá lọ sára kàlẹ́ńdà: "ọgbà," "ilé ìyàgbẹ́," "ọgbà." Santina rí i, ó lọ sunkún sínú aṣọ ìnura ní yàrá, ó wẹ ojú rẹ̀, ó jáde bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Bortolo kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó wọ kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba Ghirardini lọ. Géètì ti di aláwọ̀ búlúù. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló ń ṣọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Bortolo wí, "ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Rárá, bàbá."

"Ẹ fara balẹ̀ wò mí. Ṣé ẹ kò rí mi rí níbí? Ó ṣeé ṣe kí n wọ sálúbàtà."

Ọkùnrin náà wo bàtà Bortolo, ó wo ojú rẹ̀. "Ta lẹ ń wá?"

"Ara mi ni."

Orí ọlọ́dẹ náà dàrú, ó bá pe ọ́fíìsì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jáde wá, Ilaria Venosta lorúkọ rẹ̀, òun làwọn tó ni ibẹ̀ fi sídìí iṣẹ́. Bí Bortolo ṣe dárúkọ ara rẹ̀ báyìí, ojú ọmọbìnrin náà tàn.

"Pintossi? B àti P? Ọ̀gá Bortolo, ẹ wọlé, ẹ wá mu kọfí. A kò mọ̀ pé ẹ ṣì wà láyé."

Bortolo tẹ̀ lé e. Kò sí iná alágbẹ̀dẹ mọ́, kò sí ìró òòlù. Páálí ló kún ibẹ̀ débi àjà, páálí tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti ibòmíràn. Lábẹ́ fèrèsé tí Bortolo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélógójì, ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ jókòó ti tábìlì. Á yọ ọ̀pá ìbọn nínú páálí, á nu gírísì rẹ̀, á mú òǹtẹ̀ irin nínú ife ike kan, á lù ú. Kò gbé ọ̀pá sókè wò. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú ife náà, ó ń lù wọ́n ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé.

"Gbogbo rẹ̀ la rà," ni Ilaria wí. "Orúkọ, àwọn àwòrán, àti ohun tó bá wà lára ògiri. Ó wà nínú ìwé. Ẹ kò mọ bí àwọn oníbàárà ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, tí wọ́n bá rí i pé ọwọ́ ènìyàn kan ìbọn wọn."

Bortolo ń wo ọkùnrin oníbọ̀wọ́ yẹn. "Òun ló ń lu tèmi?"

"Òun ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ń lọ sí ọdún méjì."

"Èmi kì í wá síbí?"

"Níbo?"

"Níbí. Pẹ̀lú sálúbàtà."

"Rárá o," ni Ilaria wí.

Ohun tí Bortolo ṣe lẹ́yìn náà, títí di òní ni wọ́n ń sọ ọ́ lọ́fíìsì yẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó gbá ọkùnrin oníbọ̀wọ́ náà mọ́ra, ó bọ Ilaria lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni tí wọ́n fún ní ọmọ gbé. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ padà, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ńṣe ló sáré délé.

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún Santina, àti ti ìbọn, àti ti sálúbàtà, àti ẹ̀rù tó ti ń bà á. Santina sunkún, ó sì fi aṣọ ìnura nà án léjìká.

"O fẹ́ pa mí," ni ó wí. "Odidi ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti rò pé ìwọ náà ti ń lọ."

"Mi ò lọ síbì kankan. Orí mi pé."

"Ta ló sọ pé ó pé rí?"

Wọ́n jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àárín oúnjẹ ni Bortolo ṣíwọ́, ṣíbí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Òǹtẹ̀ bàbá mi wà nínú ife ike yẹn," ni ó wí. Kò lè jẹun mọ́. Inú bí i gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó pe Ilaria lórí fóònù.

"Mo fẹ́ gba òǹtẹ̀ mi."

"Ọ̀gá Bortolo, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Àmọ́ kì í ṣe tiyín mọ́. Ilé iṣẹ́ ló ni ín."

"Orúkọ mi ni."

"Lẹ́tà méjì ni, àwọn lọ́yà ti wò ó."

Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù, bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn. Bortolo ní, "Ó dáa, ta ló ni ilé iṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."

"Wọ́n tún fẹ́ tà á," ni Ilaria wí. "Èmi gan-an ò tíì mọ ẹni tí màá máa bá ṣiṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀." Ohùn rẹ̀ dùn, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló sú Bortolo, kò rí ẹni bínú sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ermanno dé. Bortolo ní kí ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ermanno gbọ́ ọ tán, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó họ orí.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ìbọn yìí, ṣé Ghirardini ni àbí òun kọ́?"

"Ghirardini ni."

"Ta ló ṣe é?"

"Mi ò mọ̀."

"Òǹtẹ̀ yín ló wà níbẹ̀?"

"Tèmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ lù ú?"

"Èmi kọ́."

"Ọ̀gá Bortolo, orí mi pé díẹ̀ nígbà tí mò ń bọ̀." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Ẹ wò ó, mi ò fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ ènìyàn mẹ́rin míì ló ra irú rẹ̀ ní Bovegno. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ilé ọtí pé ojú yín ti kú kí ẹ tó fẹ̀yìntì, pé ńṣe ni wọ́n ń ṣàánú yín. Mo lè sọ ohun tí ẹ sọ yìí fún wọn. Wọn ò ní gbà á gbọ́. Èmi tí mo jókòó níbí gan-an, díẹ̀ ló kù kí n má gbà á gbọ́. Ta wá ni n óò gbé ìbọn yìí bá? Ẹ sọ ọ́ fún mi, mo ń lọ."

Bortolo rò ó wò. Bó bá ní kì í ṣe tòun, òtítọ́ ló sọ, kò sí adájọ́ tó lè bá a wí. Ermanno á gbé ìbọn lọ sí ẹnu géètì búlúù, wọ́n á fún un ní òmíràn láti inú páálí, òun náà á wọ́, B àti P á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á máa lù ú bẹ́ẹ̀ lọ títí òun á fi kú, àti lẹ́yìn ikú òun.

"Èmi ni kí o gbé e bá," ni ó wí.

"Bortolo," ni Santina wí láti ìdí iná, "kì í ṣe tìrẹ. Ìwọ kọ́ lo lù ú."

"Òǹtẹ̀ mi ló wà níbẹ̀."

"Wọ́n jí i lò ni."

"Ẹni tó ra ìbọn kò mọ ìyẹn."

Ó gbé òòlù bàbà tó wà nílé jáde, ó gbé ọ̀pá sókè sí òwú ojú fèrèsé. Ó lù ú, ó wò ó. Ó tún lù ú. Lẹ́ẹ̀kẹta, òjìji sùn gbọọrọ. Ó fi ọ̀pá náà lé Ermanno lọ́wọ́. Ermanno mu wáìnì rẹ̀, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ kankan kí ó tó lọ.

Àwọn mẹ́rin Bovegno tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí òǹtẹ̀ Faustino wà lára tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í dé, Bortolo gbà wọ́n, bàbá rẹ̀ ni. Òǹtẹ̀ kẹta tó wà nínú ife ike yẹn jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ti kú láìbímọ. Santina ní ti ìyẹn kò kàn án rárá. Bortolo ní ta ni kí ó wá jẹ́ ìpè fún un, ó sì gba ìyẹn náà. Láti ìgbà ẹyẹ títí di ìgbà yìnyín, kò sí ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn wọn kò dún. Santina ń kùn, ó ń bu wáìnì. Nígbà tó yá, òun ló ń so bébà mọ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kí tẹni má bàa pọ̀ mọ́ tẹni, ó sì ń lé àwọn tí kò bá tò. Bí ènìyàn bá bi Bortolo pé ta ló ń bá ṣiṣẹ́, á ní òun ò mọ̀. Kì í ṣe àwàdà. Kò mọ̀ lóòótọ́.

Ní oṣù kìíní, ọkùnrin kan dé láti Ferrara, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí. Ó gbé ìbọn tuntun mọ́ àyà, yìnyín wà léjìká rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìkòkò, ó ń wo tábìlì, ó ń wo arúgbó méjì.

"Ẹ má bínú," ni ó wí, "ilé iṣẹ́ Ghirardini ni mò ń wá. Mo dé ibi géètì kan, wọ́n ń kùn ún lọ́wọ́. Wọ́n ní wọ́n ti tà á, pé kò tíì sí ẹni tó mọ ẹni tó ni ín. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló júwe ibí fún mi. Mo rò pé mo ṣìnà ni. Ṣé ibí ni?"

Bortolo yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Santina wo àwọn ọ̀pá ìbọn tó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bébà rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo òòlù ọwọ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ ìdáná.

"Ibí ni," ni ó wí fún àlejò náà. "Ẹ nu ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé."